Àkójọ àti Àṣàyàn: Orúkọ fún Ìwé Méjì tí Awáṣẹ́ ń Kọ

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń wá iṣẹ́ ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Èkíní ni CV, èkejì ni rẹ́súmè. Ẹni tí ó bá jáde ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ojú ọ̀nà Ìwòrókò, tàbí ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe Ìjọba Àpapọ̀ ní ojú ọ̀nà Ìjàn, kì í pẹ́ kí ó tó bá méjèèjì pàdé. Ìpolówó iṣẹ́ kan yóò ní kí ó fi CV ránṣẹ́. Òmíràn yóò ní rẹ́súmè ni òun ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn a gba ọ̀dọ̀ atẹ̀wé lọ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Atẹ̀wé a mú ìwé ẹlòmíràn tí ó ti wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, a yí orúkọ àti ọjọ́ ìbí padà, ó di ti oníbàárà tuntun. Ìwé kan ṣoṣo yìí ni ẹni náà yóò máa fi ránṣẹ́ sí ilé ìfowópamọ́, sí yunifásítì, sí ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rọ ní Èkó, àti sí òkè òkun pẹ̀lú.

Bí a bá béèrè ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwé méjèèjì, èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé CV gùn, rẹ́súmè kúrú. Èsì yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò kún ojú òṣùwọ̀n. CV wà tí kò ju ojú ìwé méjì lọ; rẹ́súmè náà sì wà tí ó tó bẹ́ẹ̀. Èrò tiwa ni pé iṣẹ́ tí a fi ìwé kọ̀ọ̀kan rán ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ń kó gbogbo ohun tí ènìyàn ti kọ́, tí ó ti ṣe, tí ó sì ti tẹ̀ jáde jọ sí ojú kan. Èkejì ń ṣà nínú wọn, ìwọ̀nba èyí tí iṣẹ́ kan pàtó ń béèrè. Orúkọ Yorùbá tí a ó bá fún wọn gbọ́dọ̀ fi èyí hàn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré àwọn onímọ̀ èdè lásán. Awáṣẹ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè pàdánù iṣẹ́ tí ó tọ́ sí i, kì í ṣe nítorí pé kò kúnjú òṣùwọ̀n, bí kò ṣe pé ìwé tí ó kọ kò dáhùn ìbéèrè tí a bi í.

Ohun tí àwọn orúkọ àyálò náà ń sọ

Èdè Látìnì ni curriculum vitae. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ipa ọ̀nà tí ayé ènìyàn gbà. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí sísáré ni curriculum ti ṣẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn elétò ẹ̀kọ́ sì ń lò fún ìlànà ẹ̀kọ́ ilé-ìwé. Èdè Faransé ni résumé; ara ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí kí á sọ nǹkan ní ṣókí ni a ti fà á yọ. Ó yẹ kí á ṣàkíyèsí pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tiwọn fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n yá wọn ni, kò sì sí ẹni tí ó torí èyí sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kò tó èdè. Àwa tí ń dá ara wa lẹ́bi ní gbogbo ìgbà tí a bá yá ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan lè fi èyí rẹ ara wa lẹ́kún díẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n yá àwọn ọ̀rọ̀ náà kò lò wọ́n bákan náà. Ní ilẹ̀ Bìrìtìkó, CV ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pe ìwé tí awáṣẹ́ ń kọ, yálà iṣẹ́ olùkọ́ni ni ó ń wá tàbí iṣẹ́ ilé ìtajà, ojú ìwé méjì ni ó sì sábà máa ń jẹ́ fún àwọn iṣẹ́ tí kì í ṣe ti yunifásítì. Ní Amẹ́ríkà, rẹ́súmè ni a ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí kì í sábà ju ojú ìwé kan tàbí méjì lọ. CV jẹ́ ti àwọn olùkọ́ yunifásítì, àwọn olùwádìí àti àwọn oníṣègùn, kò sì ní gbèdéke gígùn. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí: ohun tí ń jẹ́ CV ní Lọ́ńdọ̀nù ni ohun tí ń jẹ́ rẹ́súmè ní Houston, nígbà tí ohun tí ń jẹ́ CV ní Houston jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá. Àwa ní Nàìjíríà jogún orúkọ ti Bìrìtìkó, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá sì tún mú ti Amẹ́ríkà dé bá a.

Ìdààmú náà kò tán síbẹ̀. Àwọn Yorùbá Kétu àti ti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kàwé ní èdè Faransé. Lójú wọn CV ni ìwé tí a fi ń wá iṣẹ́, résumé kò sì ju ìsọníṣókí ìwé tàbí ọ̀rọ̀ kan lọ. Nítorí náà, bí a bá kàn kọ ọ́ ní ọ̀nà Yorùbá pé rẹ́súmè, tí a sì rò pé iṣẹ́ ti parí, ará Adó àti ará Kétu yóò ka ọ̀rọ̀ kan náà, wọn yóò sì gbọ́ ọ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò máa ń ràn wá lọ́wọ́ nígbà tí orísun rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan fún gbogbo àwọn tí yóò lò ó. Níbi tí orísun bá ti jẹ́ méjì bí èyí, inú èdè tiwa ni ó yẹ kí á ti wá a.

Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ àtijọ́ kan kí á tó dárúkọ. Ní nǹkan bí 1482 ni Leonardo da Vinci kọ lẹ́tà sí Ludovico Sforza, alákòóso ìlú Milan ní ilẹ̀ Ítálì, láti wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ni a fi mọ Leonardo títí di òní. Síbẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ kà sílẹ̀ ni afárá fífúyẹ́ tí àwọn ọmọ ogun lè gbé rìn, ọ̀nà láti gbógun ti odi, ìbọn àgbá, àti kẹ̀kẹ́ ogun tí a fi nǹkan bò. Ìparí lẹ́tà ni ó tó sọ pé òun tún lè gbẹ́ ère, òun sì lè kun àwòrán. Ó mọ̀ pé ogun ni ó wà lọ́kàn alákòóso náà. Kò purọ́ pé òun kì í ṣe ayàwòrán, kò sì ka gbogbo àwòrán tí ó ti kùn rí. Ó ṣà á ni.

Àwọn orúkọ tí ó wà níwájú wa

Ọ̀nà tí àwọn àgbà onímọ̀ èdè wa gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn onkàwé wa. Nínú Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984 fún ìlò àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, a rí àwọn tí a yá bíi fóníìmù àti sílébù, a sì rí àwọn tí a fi ọ̀rọ̀ ilé hun bí ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀nà mìíràn ni kí á fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lójú, bí a ti sọ ọ̀jọ̀gbọ́n di orúkọ oyè ní yunifásítì, tí a sì sọ ọ̀mọ̀wé di ti ẹni tí ó gba oyè ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

Orúkọ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu fún CV ni ìtàn ìgbésí-ayé. A kò gbà á wọlé. Àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ti lo orúkọ yìí fún ìwé tí a kọ nípa ìgbésí-ayé ẹnì kan, wọ́n sì ti ní ìtàn ìgbésí-ayé ara-ẹni fún èyí tí ẹni náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ní kí ó kọ ìtàn ìgbésí-ayé ara rẹ̀ láti fi wá iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Àwọn mìíràn a máa pe rẹ́súmè ní ìkékúrú. Èyí náà kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀rọ̀ tí a gé kúrú bíi CV fúnra rẹ̀ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì ń gba àṣìṣe tí a sọ lẹ́ẹ̀kan wọlé, pé bí a bá ṣáà ti gé CV kúrú, ó ti di rẹ́súmè. Bí a bá gé orí àti ìrù ẹja kúrò, ẹja náà ni ó kù. Kò di ẹran.

Èyí tí a dábàá ni àkójọ ìrírí fún ìwé tí ó kó ohun gbogbo jọ, àti àṣàyàn ìrírí fún ìwé tí a ṣà fún iṣẹ́ kan. Àwọn tí ń ka ìwé Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àkójọ ewì àti àṣàyàn ewì láti ara èèpo ìwé. Wọ́n mọ̀ pé àkójọ kò gbọdọ̀ fo ọ̀kan, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí ó ṣe àṣàyàn ní ohun tí ó ń wò kí ó tó mú tibí, tí ó sì fi tọ̀hún sílẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé ìrírí kò kan ìwé ẹ̀rí. Lójú tiwa, ohun tí ènìyàn fi ojú rẹ̀ rí nínú ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ni ìrírí, ìwé ẹ̀rí kò sì ju ẹlẹ́rìí rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú wa lè lo àkójọ ẹ̀kọ́-òun-iṣẹ́. A kò ní bá a jà, bí àkójọ àti àṣàyàn bá ti dúró.

Ohun tí àwọn yunifásítì wa ń béèrè

Èkìtì ti gbajúmọ̀ nítorí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀. Ìwé tí ọ̀dọ́ ibẹ̀ sábà máa ń fi ṣe àwòkọ ni ti olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, àkójọ ìrírí gidi sì ni ìwé náà. Bí a bá wo ìpolówó tí àwọn yunifásítì Nàìjíríà máa ń ṣe fún àwọn olùkọ́, a ó rí i pé kì í ṣe ìwé tí awáṣẹ́ lè tò bí ó bá ti wù ú. Wọ́n máa ń to ohun tí wọ́n ń fẹ́ lẹ́sẹẹsẹ: orúkọ ní kíkún, ọjọ́ àti ibi ìbí, ìpínlẹ̀ abínibí àti ìjọba ìbílẹ̀, ipò ìgbéyàwó, iye àwọn ọmọ àti ọjọ́ orí wọn, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí a lọ àti ọdún wọn, ìwé ẹ̀rí, iṣẹ́ tí a ti ṣe, ipò àti owó oṣù tí a wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, àwọn iṣẹ́ ìwádìí tí a ti tẹ̀ jáde, àpérò tí a lọ, àti orúkọ ènìyàn mẹ́ta tí ó lè sọ̀rọ̀ nípa ẹni. Wọn a sì tún béèrè ẹ̀dà púpọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àṣà àtijọ́ ni. Ó ní ìdí. Abala 14 nínú ìwé òfin 1979 àti ti 1999 ní kí ìjọba má jẹ́ kí àwọn ènìyàn láti ìpínlẹ̀ díẹ̀ nìkan gba gbogbo ipò, a sì dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1996 láti máa mójú tó o. Bí agbanisíṣẹ́ ìjọba kò bá mọ ìpínlẹ̀ abínibí ẹni, kò lè ṣe ìṣirò yìí. Ọjọ́ ìbí náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe: òṣìṣẹ́ ìjọba lásán ń fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọgọ́ta ọdún tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé, òfin 2012 sì sún ti ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì dé 70. Láti inú ọjọ́ ìbí ni a ti ń mọ iye ọdún tí ó kù fún ẹni láti lò. Ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ pẹ̀lú kò ṣe é fi sílẹ̀, láti ìgbà tí ètò ìsìnlú náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1973.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ti 1964 ka gbígba ènìyàn síṣẹ́ tàbí kíkọ̀ ọ́ nítorí ẹ̀yà, àwọ̀, ẹ̀sìn, ìlú ìṣẹ̀dálẹ̀, tàbí nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin léèwọ̀. Òfin 1967 sì dáàbò bo àwọn tí ó ti pé ogójì ọdún. Nítorí náà, agbanisíṣẹ́ níbẹ̀ kò fẹ́ rí ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, iye ọmọ tàbí fọ́tò nínú ìwé awáṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé ohun tí ó rí ni ó fi kọ òun. Ohun tí òfin tiwa mú kí á béèrè ni òfin tiwọn mú kí wọ́n máa sá fún. Ẹni tí ó bá fi àkójọ tí a kọ fún yunifásítì kan ní Èkìtì ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà bí ó ti wà ti fi ẹrù lé agbanisíṣẹ́ lórí kí ó tó ka orúkọ rẹ̀ tán.

Ohun kan tún wà tí ó kan àwọn ará Adó ní pàtàkì. Yunifásítì tí ó wà ní Adó ti jẹ́ orúkọ mẹ́rin. Nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1982, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni a pè é. Ní 1985 ó di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, ó di Yunifásítì Adó-Èkìtì, ó sì di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní 2011. Bẹ́ẹ̀ ni yunifásítì Ifẹ̀ gba orúkọ Awólọ́wọ̀ ní 1987. Ẹni tí ó gba ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní Adó ní 1994, tí ó padà gba òmíràn níbẹ̀ ní 2006, tí ó sì ń kọ́ni níbẹ̀ lónìí, yóò kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta sínú ìwé rẹ̀. Lójú àjèjì, alárìnká ni. Nínú àkójọ, ó yẹ kí ó kọ orúkọ tí ó wà lára ìwé ẹ̀rí gan-an, nítorí pé òun ni a ó fi wá a rí, kí ó sì kọ orúkọ ti òní tẹ̀ lé e. Nínú àṣàyàn, orúkọ ti ìwé ẹ̀rí àti ìlú ti tó. Àwọn tí a bí ní Adó láàárín 1976 sí 1996 ń bá irú rẹ̀ pàdé lórí ibi ìbí: inú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a bí wọn sí, Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì ni ìpínlẹ̀ abínibí wọn. Àkọsílẹ̀ méjèèjì tọ̀nà, a kò sì gbọdọ̀ pa ọ̀kan rẹ́ láti mú kí ìwé dọ́gba.

Olùkọ́ kan, ìwé mẹ́ta

Ká ní olùkọ́ kan wà tí ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kẹ́mísírì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Adó láti 2015 sí 2022. Òun ni ó ń tọ́jú yàrá àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó ń ra kẹ́míkà, ó ń ka ohun èlò, ó sì ń kọ wọ́n sínú ìwé. Ó gba oyè kejì ní àárín ìgbà náà, ó sì tẹ iṣẹ́ ìwádìí méjì jáde. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó rí lẹ́ẹ̀kan náà: olùkọ́ onípò kékeré ní yunifásítì kan ní Èkìtì, alábòójútó yàrá àyẹ̀wò ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní Èkó, àti àyè láti kọ́ ẹ̀kọ́ oyè ìjìnlẹ̀ ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà.

Fún ti àkọ́kọ́, àkójọ ni, ní ìlànà tí ìpolówó là sílẹ̀. Ọdún méje tí ó fi kọ́ni gba ìlà kan péré: ipò, ilé-ẹ̀kọ́, ọdún. Iṣẹ́ ìwádìí méjèèjì ni yóò kọ ní kíkún, pẹ̀lú orúkọ àwọn tí wọ́n jọ kọ ọ́, bí wọ́n ti tò ó nínú ìwé.

Fún ti Èkó, bí ìpolówó tilẹ̀ pè é ní CV, àṣàyàn ni wọ́n ń fẹ́. Níbẹ̀, ìlà kan tí a sọ yẹn gbọ́dọ̀ là: kẹ́míkà tí ó ń rà, bí ó ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn, ọ̀nà tí ó gbà dènà ewu láàárín ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò kan ilé-iṣẹ́ náà. Àkòrí iṣẹ́ ìwádìí lè wọlé bí ó bá kan omi tàbí oúnjẹ. Bí kò bá kàn án, ó lè dúró sílé. Ibí yìí ni ó ti máa ń ṣòro fún àwọn tí a tọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹnu ẹlòmíràn ni ó yẹ kí ìyìn ẹni ti jáde, kí ènìyàn máa kọ ọ́ pé mo ṣe èyí, mo ṣe tọ̀hún dà bí ìgbéraga. Ó yẹ kí olùkọ́ là á yé akẹ́kọ̀ọ́ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tí a sì lè wádìí kì í ṣe ìfọ́nnu. Kí ó kọ ohun tí ó ṣe àti iye rẹ̀, kí ó fi akíkanjú àti aláápọn sílẹ̀ fún àwọn tí yóò jẹ́rìí sí i.

Fún ti Amẹ́ríkà, àkójọ náà ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí, ìgbéyàwó àti ìjọba ìbílẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Àlàyé kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó fi kún un: ọdún tí ó fi ṣe àgùnbánirọ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ ètò náà yóò rò pé ọdún kan ṣófo.

Láti ara èyí, ògbufọ̀ yóò rí i pé òun kò lè gbára lé orúkọ tí ó wà nínú ìpolówó. Bí ó bá ń túmọ̀ ìpolówó ilé ìfowópamọ́ tí ó béèrè CV, àṣàyàn ìrírí ni kí ó kọ. Bí yunifásítì ni, àkójọ ni. Bí ìpolówó kò bá sọ ohun tí ó ń fẹ́ yé ni, kí ó wo bóyá wọ́n béèrè iṣẹ́ ìwádìí àti ẹlẹ́rìí mẹ́ta.

Orúkọ àwọn tí yóò sọ̀rọ̀ nípa ẹni

Àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́ta yìí ni ó kù. Àwọn ògbufọ̀ kan ń pè wọ́n ní onígbọ̀wọ́, àwọn mìíràn ní onídùúró. Méjèèjì léwu. Nínú èdè wa, ẹni tí ó bá ṣe onígbọ̀wọ́ tàbí onídùúró fún ènìyàn ti gbà láti san gbèsè rẹ̀ bí ó bá sá lọ. Àwọn ilé ìfowópamọ́ sì ń béèrè irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́, lórí fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ènìyàn síṣẹ́. Bí ọ̀dọ́ kan bá lọ bá bàbá àgbà kan ní Ìkẹ́rẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́ ṣe onígbọ̀wọ́ òun nínú CV, bàbá náà lè kọ̀, kò sì jẹ̀bi. Ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó sọ ohun tí ó mọ̀ nípa ìwà àti iṣẹ́ ọmọ náà lọ. Ajẹ́rìí ni a dábàá fún un, kí á fi onídùúró sílẹ̀ fún ẹni tí yóò san owó. Kí awáṣẹ́ sì kọ́kọ́ gba àṣẹ lẹ́nu ajẹ́rìí kí ó tó kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀.